Géètì Nìkan Kọ́ Ni Ààbò: Òótọ́ àti Irọ́ Nípa Gbígba Yàrá Lẹ́bàá Yunifásítì

Bí ìwé ìgbaniwọlé bá ti tẹ ọmọ lọ́wọ́, tí ariwo ayọ̀ sì ti rọlẹ̀ díẹ̀, ìbéèrè kan wà tí kì í jẹ́ kí òbí sùn: níbo ni ọmọ yìí yóò máa gbé? Ní Ìbàdàn, ìdáhùn lè jẹ́ Agbowó, Òrógùn tàbí Bódìjà. Ní Ilé-Ifẹ̀, ó lè jẹ́ Lágere tàbí Ọ̀nà Ẹdẹ. Ní Èkó, Akọkà, Bàrígà àti Àbúlé-Ọjà ló yí UNILAG ká. Ní Ìlọrin, Tanke ni. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àdúgbò tí gbogbo ọmọ LAUTECH ń pè ní Under G ni.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní ìtàn tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti pẹ́ níbẹ̀ a sọ ọ́ fún ọmọ tuntun, ọmọ tuntun a sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ìyá a sì gbé ìpinnu lé e lórí. “Má gbé ìta o.” “Ilé tó bá wọ́n ni kó o gbà.” “Má dá sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.” Àlejò lójú, kò fi ríran, ohun tó bá fetí gbọ́ ló máa ń fi rìnnà. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí à ń gbọ́ yìí, òótọ́ wà níbẹ̀, irọ́ náà sì pọ̀ níbẹ̀. Bí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀, nǹkan méjì ni yóò fara hàn pé ó ń dáàbò bo akẹ́kọ̀ọ́ ju géètì lọ: ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti àwọn èèyàn tó mọ̀ ọ́n lórúkọ ládùúgbò.

Irọ́ 1: “Inú ọgbà ni ààbò wà. Ẹni tó bá lọ gbé ìta ti fi ara rẹ̀ wewu.”

Òótọ́: Ewu kò mọ ibi tí ògiri ọgbà parí sí. Ọ̀kan nínú àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tó burú jù lọ tí yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá tíì rí, inú ọgbà gan-an ló ti wáyé. Ní ìdájí ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ Awolowo Hall ní OAU, Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn. Inú ọgbà ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà o.

Bẹ́ẹ̀ sì ni gbígbé ìta kì í ṣe ìyà tó wà fún ọmọ tí kò rí bẹ́ẹ̀dì gbà. Báyìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń lo ọdún wọn. LASU, yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, lo ọ̀pọ̀ ọdún láìní ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́; Òjó, Ìyànà-Ìbà àti Okokomaikó ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kàwé jáde. Yunifásítì Ìbàdàn (UI) tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 kọ́ ilé ìgbé sínú ọgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, síbẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kò kárí mọ́ lónìí. Ẹni tó rí àyè lọ́dún kìn-ín-ní lè bá ara rẹ̀ níta lọ́dún kejì.

Nítorí náà, ẹ fi ìbéèrè “inú tàbí ìta” sílẹ̀. Èyí tó yẹ kí ẹ bèèrè ni: bí ọmọ bá parí kíláàsì tàbí tó jáde ní láíbìrì lálẹ́, ọ̀nà wo ni yóò gbà délé? Ṣé iná wà lójú ọ̀nà náà? Ṣé àwọn tó ń tajà ṣì máa ń wà níbẹ̀ lákòókò yẹn? Aago mélòó ni kẹ̀kẹ́ Márúwá tó kẹ́yìn máa ń kọjá? Yàrá tó wà ní ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójú ọ̀nà tí èèyàn ń rìn sàn ju èyí tó wà ní ìṣẹ́jú márùn-ún nínú igbó lọ.

Irọ́ 2: “Ilé tó wọ́n, tó dákẹ́, tí ògiri rẹ̀ ga, kò sí ewu níbẹ̀.”

Òótọ́: Ẹ wo Old Bódìjà, ẹ̀sítéètì tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti dá sílẹ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Kò jìnnà sí UI, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti ọlọ́lá ló ń gbé ibẹ̀, ojú pópó rẹ̀ sì dákẹ́ minimini. Lálẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, ohun abúgbàù dún níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé wó, ẹ̀mí sọnù, ìró rẹ̀ sì mi ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Ìbàdàn. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ, tí wọ́n ń gbé ọ̀kan nínú àwọn ilé náà, ló kó ohun abúgbàù pamọ́ síbẹ̀. Níbi tí ògiri kálukú ti ga, ta ni yóò mọ ohun tí ẹni kejì ń kó wọlé?

Àwọn kan a máa fojú pa Agbowó rẹ́ nítorí ariwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń pariwo níbẹ̀: ìyá oníresì tó jí ṣáájú gbogbo èèyàn, oní-POS lábẹ́ agboòrùn, ẹni tó ń ṣe fótókọ́pì, àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Àwọn wọ̀nyí mọ ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Ojú wọn ni ọlọ́ṣà máa ń sá fún.

Èyí kò sọ pé ilé olówó pọ́ọ́kú ló dára. Ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́ gidi, tí balùwẹ̀ rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé nínú òkùnkùn, ewu wà níbẹ̀ bó ti wù kó pọ̀ lérò tó. Ọ̀nà àtimọ̀ ni pé kí ẹ má ṣe wo ilé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ lọ lọ́sàn-án, ẹ padà lọ lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, bí òjò bá sì rọ̀, ẹ tún lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilé kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò sọ fún yín.

Irọ́ 3: “Ẹ̀jẹ́ǹtì ti gba owó, ilé ti bọ́ sí i.”

Òótọ́: Owó tó wọ ọwọ́ ẹ̀jẹ́ǹtì kò tíì sọ ẹnikẹ́ni di ayálégbé. Àkókò ìwọlé ni ọjà àwọn gbájú-ẹ̀. Yàrá kò tó, èrò pọ̀, ìkánjú sì ti wọ ara òbí tó ti ọ̀nà jíjìn wá tó fẹ́ padà lọ́jọ́ kan náà. Gbájú-ẹ̀ lè gba kọ́kọ́rọ́ yàrá kan tó ṣófo, kó mú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá lọ wò ó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó gba owó ọdún kan lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó ẹrù dé, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yóò pàdé lẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo, fóònù rẹ̀ kò sì ní lọ mọ́.

Ààbò tó wà fún èyí kò gbówó lórí. Ẹ kọ́kọ́ bá àwọn tó ń gbé inú ilé náà sọ̀rọ̀, láìsí ẹ̀jẹ́ǹtì níbẹ̀: ta ni lánlọ́ọ̀dù, ta ni kiatékà, ṣé omi ń yọ, ṣé wọ́n ti jalè níbí rí, kí ló lé ẹni tó kó jáde ní yàrá yìí? Ẹ rí onílé fúnra rẹ̀, tàbí kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù níwájú kiatékà. Owó ilé, àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ onílé ni kó lọ, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ́ǹtì. Kí rìsíìtì sọ àdírẹ́sì ilé, nọ́ńbà yàrá, iye owó, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí.

Ní Èkó, Òfin Ilé Yíyá ti ọdún 2011 sọ pé onílé kò gbọ́dọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ó sì pọn dandan kó fún un ní rìsíìtì. Òfin yìí kan Akọkà, Bàrígà, Yábàá àti Òjó. Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà ni ó yọ sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, nítorí náà ẹ má gbé ti Èkó lọ bá onílé jà ní Adó-Èkìtì.

Owó tí wọ́n ń pè ní kọ́ṣọ̀n náà ń fa ìjà. Owó ìdúró ni, tí onílé ń dá padà bí ayálégbé kò bá ba nǹkan jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ lọ́jọ́ ìkójáde ni pé kò sí ẹni tó rántí bí yàrá náà ti rí tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́, kí ẹ tó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ẹ fi fóònù ya fọ́tò gbogbo rẹ̀: àjà tó jò, gíláàsì tó ti sán, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jóná. Ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé lọ́jọ́ náà gan-an.

Irọ́ 4: “Lánlọ́ọ̀dù ló nilé. Ìgbà tó bá wù ú ló lè lé èèyàn jáde, ó sì lè fi ọlọ́pàá mú ẹni tó bá jẹ ẹ́ lówó.”

Òótọ́: Òun ló nilé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ nìkan ló ní àṣẹ àtilé ayálégbé jáde pẹ̀lú agbára. Lábẹ́ òfin Èkó ti 2011, bí ìwé àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, ayálégbé olóṣooṣù ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù kan, ẹni tó ń san owó oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ní oṣù mẹ́ta, ẹni tó ń san owó ọdọọdún sì ní oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn èyí, ìwé ọlọ́jọ́ méje tún wà, tó ń sọ pé onílé fẹ́ lọ sílé ẹjọ́. Ẹni tó bá fi ipá lé èèyàn jáde tàbí tó ń halẹ̀ mọ́ ọn láìgba àṣẹ ilé ẹjọ́ ti ṣẹ̀ sófin.

Ẹ ṣàkíyèsí gbólóhùn yẹn: bí ìwé àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fọwọ́ sí àgìrímẹ́ǹtì láìkà á, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń wò. Bí ìwé náà bá sọ pé ìkìlọ̀ oṣù kan ti tó fún ẹni tó san owó ọdún kan, ohun tí ẹ fọwọ́ sí nìyẹn. Bákan náà, òfin yìí kò kan ilé ìgbé tí ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ń bójú tó fún òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ìlànà ilé ẹ̀kọ́ ló ń darí ìyẹn.

Ní ti ọlọ́pàá, Òfin Iṣẹ́ Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti ìwà ọ̀daràn tàbí nítorí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Gbèsè owó ilé jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ tàbí ti ìlàjà. Ní Èkó, ìjọba ní ibùdó ìlàjà tí wọ́n ń pè ní Citizens’ Mediation Centre, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń gbọ́ ẹjọ́ onílé àti ayálégbé níbẹ̀.

Ẹ má wá fi èyí sọ ara yín di gbajúgbajà ajẹgbèsè. Òfin tó dáàbò bo ayálégbé náà ló fún onílé lẹ́tọ̀ọ́ sí owó rẹ̀ àti sí ilé tí wọn kò bàjẹ́.

Irọ́ 5: “Olè ni ewu kan ṣoṣo tó wà. Bí irin bá ti wà lójú fèrèsé, ó parí.”

Òótọ́: Omi, èéfín àti iná kì í kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí omi. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò kan rọ̀ ní Ìbàdàn, àkúnya rẹ̀ sì pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ó wọ UI, ó ba oko ẹja àti ọgbà ẹranko jẹ́. Ó gbé afárá Àpẹ̀tẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Poly Ìbàdàn ń gbé; ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ sí kíláàsì já sí méjì. Oṣù Kìíní tàbí oṣù Kẹta ni ẹlòmíràn máa ń wo ilé, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ táútáú, tí odò kékeré ẹ̀yìnkùlé jọ gọ́tà lásán. Ẹ wo ara ògiri dáadáa: bí ilà àbàtà bá wà ní ìwọ̀n orúnkún, omi ti dé ibẹ̀ rí, yóò sì tún dé. Ẹ bi ìyá tó ń ta ẹ̀kọ léèrè bí oṣù Kẹsàn-án ṣe máa ń rí níbẹ̀. Kò ní kọmíṣọ̀n tí yóò gbà, òótọ́ ni yóò sọ.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ ni èkejì. Afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ẹni tó ń sùn kò ní jí láti sá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n bá òkú àwọn ọ̀dọ́ nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ orin kan ní Amassoma, ìlú tí Yunifásítì Niger Delta wà ní Bayelsa, èéfín jẹnẹrétọ̀ sì ni wọ́n fura sí. Ṣíṣí fèrèsé díẹ̀ kò tó. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ wà nínú kọ́rídọ̀, nínú kíṣìnnì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bó ti wù kó kéré tó. Bí ilé bá kún fún sẹ́lífù-kọ́ǹ tí kálukú gbé jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ sí bákónì, èéfín ẹni kejì ni ẹ óò máa mí símú. Ohun tó yẹ ká wò kí a tó sanwó nìyẹn.

Iná ni ẹ̀kẹta, ibẹ̀ sì ni irin ojú fèrèsé ti ń yí padà di ọ̀tá. Irin tó ń dí olè lọ́nà ló tún ń há onílé mọ́ bí iná bá sọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó kéré tán, kí fèrèsé kan ní irin tó ṣeé ṣí láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà níbi tí gbogbo ẹni tó ń sùn nínú yàrá ti lè fọwọ́ kàn án nínú òkùnkùn. Sílíńdà gáàsì, ìta ni kó máa gbé. Bí ẹ bá fura pé ó ń jò, ẹ fi ìfófòó ọṣẹ pa ẹnu rẹ̀. Bí ó bá ń hó, ó ń jò nìyẹn. Bí òórùn gáàsì bá sì ti gba yàrá, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ jáde, ẹ má tan iná, ẹ má sì pa èyí tó wà ní títàn.

Irọ́ 6: “Àwọn ará àdúgbò kórìíra akẹ́kọ̀ọ́. Owó ọdẹ tí wọ́n ń gbà, ìrẹ́jẹ ni.”

Òótọ́: Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé ọrọ̀ ajé àdúgbò wọ̀nyí, àwọn ará ibẹ̀ sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ní 2020, tí wọ́n sì tún daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì sí ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, kì í ṣe olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló jìyà rẹ̀. Ìyá olóúnjẹ, ọlọ́kadà, ẹni tó ń tẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní kafé, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n lára. Owó ilé ń jẹ lọ lórí yàrá tí a tì pa.

Níbẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti hàn láàárín ẹni tó ní aládùúgbò àti ẹni tó ní yàrá lásán. Ẹni tí ìyàwó kiatékà mọ̀ lè pè láti ilé òbí rẹ̀ pé, “Mọ̀mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹnu ọ̀nà mi.” Ẹni tí kò kí ẹnikẹ́ni rí kò ní ẹni tí yóò pè.

Ohun tó sábà máa ń fa ìbínú ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń gbé àdúgbò bí ẹni ń gbé òtẹ́ẹ̀lì: orin lóru, ìdọ̀tí lójú gọ́tà, kí wọ́n kọjá lára àgbà láìkí i. Ẹ ò nílò owó láti tún èyí ṣe. “Ẹ kú àárọ̀ mà” àti “ẹ kú ọjà” lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ti kúrò ní “ọmọ iléèwé yẹn” lójú wọn, ẹ ti di ẹni tó ní orúkọ.

Owó ọdẹ, ẹ béèrè nípa rẹ̀ kí ẹ tó gbalé, nítorí ó wà lára owó ilé bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ onílé àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA) ló sábà ń gbà á, rìsíìtì sì yẹ kó wà fún un. Ohun tí ẹ ó gbà padà ni ẹni tó wà lójúfò lóru nígbà tí ẹ ń sùn. Ẹ mọ aago tí wọ́n ń ti géètì àdúgbò. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọdẹ mọ ojú yín lọ́sàn-án, kó má jẹ́ pé aago méjìlá òru ni wọn yóò kọ́kọ́ rí yín, pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn àti fìlà lójú.

Irọ́ 7: “Mo gbájú mọ́ tèmi. Ohun tí ẹni tó wà ní yàrá kejì ń ṣe kò kàn mí.”

Òótọ́: Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-hùrù rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ní ìdájí ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, àwọn òṣìṣẹ́ EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, ya wọ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU ń gbé ní agbègbè Ọ̀dúdúwà Estate, Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ọmọ Yàhúù, oníjìbìtì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ní àwọn ń wá. Wọ́n kó èèyàn tó lé ní 60, wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, tó ń kàwé ìdánwò nínú yàrá rẹ̀, ilẹ̀kùn tirẹ̀ náà ni wọ́n kàn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, EFCC kéde pé àwọn kò ní máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lóru mọ́, ṣùgbọ́n ilé tó bá ti lórúkọ burúkú kò ní ṣàìrí àlejò lọ́sàn-án.

Èyí kò sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Kí ẹ tó sanwó ni ọgbọ́n wà: irú àwọn wo ló ń gbé ilé yìí? Ọdún mélòó ni wọ́n ti lò? Ta ló ń sùn sí yàrá tí wọ́n ń ṣí lóru nìkan? Bí ẹ bá ti wà nínú ilé kí ẹ tó rí ohun tí kò dára, ẹ sọ fún òbí, ẹ sì wá ibòmíràn ní ìdákẹ́jẹ́. Owó oṣù mélòó kan tó ṣòfò kò tó ẹ̀mí kan.

Irọ́ 8: “Ọmọbìnrin nìkan ni ká bẹ̀rù fún. Ọkùnrin yóò mọ bí yóò ṣe ṣe é.”

Òótọ́: Òbí tó bá ní ọmọbìnrin a máa wo kọ́kọ́rọ́, a máa wo balùwẹ̀, a máa bi kiatékà ní ìbéèrè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, tí yàrá ti há mọ́, òun gan-an ni ẹgbẹ́ òkùnkùn ń wá. Wọn kì í fi àdá bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ, àyè láti sùn, “ẹ̀gbọ́n” tó ń bá a san owó kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ń pè, tó ní ẹgbẹ́ orin, ẹgbẹ́ mọ́sálásí tàbí ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ tó ń bá kẹ́gbẹ́, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ráyè fún irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀.

Irọ́ 9: “Ọmọ ìjọ kan náà ni wá. Kò lè sí wàhálà láàárín wa nínú yàrá.”

Òótọ́: Àdúrà kì í san owó iná. Ọ̀rẹ́ méjì tó jọ gba yàrá sábà máa ń jà lórí ohun kékeré: ta ló san ju ẹnì kejì lọ, orúkọ ta ló wà lórí rìsíìtì, àbúrò tó wá sùn fún ọjọ́ méjì tó ti lo oṣù méjì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ìfẹ́ ṣì gbóná: iye tí kálukú san, bí wọn yóò ṣe pín owó omi àti iná, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá fẹ́ kó jáde láàárín ọdún. Kí orúkọ àwọn méjèèjì wà lórí rìsíìtì. Ìwé kan ṣoṣo lè gba ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́wàá là.

Irọ́ 10: “Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, màá pe ọlọ́pàá.”

Òótọ́: Ẹ pè wọ́n. Nọ́ńbà pàjáwìrì Nàìjíríà ni 112. Ní Èkó, 767 náà wà. Láti oṣù Kìíní ọdún 2020 ni ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, Èkó sì ní ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LNSC. Ọgbà yunifásítì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fóònù, kí ẹ sì tún kọ ọ́ sí ara ògiri, torí fóònù ni olè kọ́kọ́ ń gbà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó jìnnà jù sí yín kọ́ ni yóò kọ́kọ́ dé. Ẹni tó wà ní yàrá kejì ni, tó gbọ́ igbe tó sì mọ ohùn yín. Bí àìsàn bá gbé ọmọ ṣánlẹ̀ ní aago méjì òru, kiatékà ni yóò wá ọkọ̀. Bí ẹnì kan bá ń tẹ̀lé ọmọbìnrin kan bọ̀ láti ibùdókọ̀, ṣọ́ọ̀bù ìyá oníresì ló lè yà sí, bí ìyá náà bá mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, òbí tó bá mú ọmọ lọ síbi yàrá tuntun, kó má kan já ẹrù sílẹ̀ kó sì wá ọkọ̀ padà. Kó mú ọmọ náà lọ kí onílé, kiatékà, ará yàrá kejì, ìyá tó ń tajà lójúde àti olórí ọdẹ, kó sì sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé, “Ọmọ yín nìyí o.” Kó gba nọ́ńbà méjì ó kéré tán, kó fi tirẹ̀ sílẹ̀, kó sì pe àwọn nọ́ńbà náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan láti dúpẹ́. Ìdajì ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀ yóò gbà, kò sì sí nínú owó tí ẹ̀jẹ́ǹtì kọ sí bébà. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àdúgbò sì ló yẹ ká wò ká tó san owó ilé.